Níbo Ni Ajá Yín Sùn Ní Àná?

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá bá yín ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kò le rárá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lóhùn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Níbo ni ajá yín sùn ní àná?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni yóò rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn yóò ní, "Ajá kẹ̀? Ibi tí ó bá wù ú ni ó ń sùn." A mọ ibi tí adìyẹ wa ń wọ̀ sí lálẹ́, a sì ń ka iye wọn kí a tó ti ilẹ̀kùn. A mọ ibi tí a so ewúrẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ajá tí ń ṣọ́ adìyẹ, tí ń ṣọ́ ewúrẹ́, tí ó sì ń ṣọ́ àwa tìkára wa, òun nìkan ni a kò mọ ibi tí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí. Ó lè wà nínú eérú ààrò, ó lè wà lábẹ́ àká, ó lè wà lẹ́yìn balùwẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí a sì gbọ́ gbígbó rẹ̀, ó tán.

Mo fẹ́ kí ó yé yín lónìí pé ibi tí ajá ń sùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá nìkan. Ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni. Ẹnìkan kò sọ ọ́ fún mi. Ìṣojú mi ni ó ṣe.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a ní abo ajá kan ní ilé wa. Ó dú, ara rẹ̀ ń dán, nítorí náà Adúmáadán ni a sọ ọ́. Nígbà tí ó bí ọmọ mẹ́rin, èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú wọn. Inú mi dùn púpọ̀. Mo wá àpò kòkó kan tí ó ti gbó, mo tẹ́ ẹ sórí yanrìn lẹ́yìn balùwẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ tutù, igi máńgòrò sì ṣíji bò ó. Mo rò pé ohun tí ó dára ni mo ṣe. Omi ìwẹ̀ a máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, àwọn ọmọ ajá a sì máa tọ̀ sórí àpò náà, ṣùgbọ́n n kò ka ìyẹn sí nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru. Nígbà tí mo gbé wọn yẹ̀ wò, ara wọn ti wú ní kókó-kókó, ní ikùn àti ní ẹsẹ̀, ihò tíńtín kan sì wà lójú kókó kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa àgbà ní eéwo ni. Lẹ́yìn èyí ni àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 3, tí ó máa ń jókòó sórí àpò náà bá wọn ṣeré, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ìdí ń dun òun. Eéwo mẹ́ta ni ó yọ sí i ní ìdí àti ní itan. Wọ́n fi ewé lé e, kò san. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí ìyá mi ti ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ojú eéwo náà, ohun funfun kan yọ orí jáde níbẹ̀, ó sì ń yí. Ìdin ni! Ìyá mi figbe ta. Gbogbo ilé tú jáde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn kan ti ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tá ni.

Wolé-wolé tí ń yẹ àyíká wò ní ìgbà náà ni ó là wá lójú. Ó wo ọmọ, ó wo ajá, ó sì wo àpò. Ó fi igi tú yanrìn abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí fún bàbá mi pé, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀tá kiri. Ibùsùn ajá yín ni ó fa èyí." Kí ó tó dé, méjì nínú àwọn ọmọ ajá mẹ́rin náà ti kú. Ara àbúrò mi yá, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò parẹ́. Ẹnikẹ́ni kò nà mí, ẹnikẹ́ni kò sì bá mi wí. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ó tẹ́ àpò náà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní túḿbù. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ewé gbígbẹ, ó sì tóbi ju eṣinṣin ilé lọ díẹ̀. Kì í yé ẹyin sí ara ènìyàn tàbí sí ara ajá. Yanrìn abẹ́ ibòòji tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti kàn ni ó ń wá, tàbí aṣọ tútù tí òógùn tàbí ìtọ̀ wà lára rẹ̀. Ó lè yé ẹyin 100 sí 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín ọjọ́ 1 sí 3 àwọn ẹyin náà yóò pa, ìdin wẹ́wẹ́ tí ojú kì í tètè rí yóò sì sá pamọ́ sínú yanrìn. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ, láìmu. Ìgbà tí ara tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá kàn án ni yóò tó jí, yóò sì wọ inú awọ láìjẹ́ pé ẹni tí ó wọ̀ lára mọ̀. Bí ọjọ́ 8 sí 12 ni yóò fi dàgbà níbẹ̀. Ihò tíńtín ojú kókó náà ni ó fi ń mí. Bí ó bá gbó tán, yóò jáde, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò rì sínú ilẹ̀, yóò sì di eṣinṣin. Bí a kò bá pa ibùsùn náà dà, ọ̀rọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lára ajá tàbí lára ọmọ, ẹ má fi agídí fún un. Bí ìdin náà bá bẹ́ sínú awọ, egbò yóò gbòde. Ẹ fi basilín dí ojú ihò náà kí ìdin má lè rí afẹ́fẹ́ mí, nígbà tí ó bá sì yọ orí, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ẹran bá yín yọ ọ́.

Ẹ̀yin ará, bí a bá fẹ́ wá ibùsùn fún ajá, nǹkan márùn-ún ni kí a wò.

Èkíní ni ibi tí a ó gbé e sí. Kí ó gbẹ, kí ó ní ibòòji, kí atẹ́gùn máa fẹ́ síbẹ̀, kí òjò má sì lè pa á. Igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ dára púpọ̀, nítorí pé ajá fẹ́ràn ibi tí ó ti lè máa wo ẹnu ọ̀nà kí ó sì máa gbọ́ ohùn àwọn ará ilé. Ẹ má gbé e sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ bí mo ti ṣe. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn tàbí abẹ́ àká, nítorí pé eku ń bẹ níbẹ̀, níbi tí eku bá sì wà, ejò kò jìnnà. Ẹ má sì ti ajá mọ́ inú àgọ́ páànù tí kò ní fèrèsé. Ara ajá kì í làágùn bí ti ènìyàn. Ẹnu ni ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ara rẹ̀ tó tutù. Ní ọ̀sán gangan, inú páànù bẹ́ẹ̀ a máa gbóná bí ààrò búrẹ́dì, ooru rẹ̀ sì lè pa ajá.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ajá fẹ́ràn, èyíinì ni abẹ́ mọ́tò tí a gbé sílẹ̀. Àwọn baba wa ní ajá tí ó bá rí mọ́tò tí ó dúró, ara rẹ̀ ni ó fi bọ Ògún. Ẹni tí ó bá kánjú wọ mọ́tò rẹ̀ ní òwúrọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Omi kan sì wà tí a máa ń dà sínú ẹ́ńjìnnì kí ó má baà gbóná jù. Ó ń dùn lẹ́nu ajá, ṣùgbọ́n oró ni. Ajá tí ó bá ní ibùsùn tí ó tù ú lára kì yóò lọ máa wá ibòòji lábẹ́ mọ́tò.

Èkejì ni pé kí ibùsùn náà ga kúrò nílẹ̀. Ínǹṣì 4 sí 6 ti tó. Ẹ ní kí káfíńtà kan pákó pọ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin kúkúrú sí i, kí ó fá a kí ó dán, kí orí ìṣó kankan má sì yọ síta. Bí owó káfíńtà kò bá sí, ẹ to búlọ́ọ̀kù ní ẹsẹ̀ méjì, kí ẹ sì gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ lé e. Yanrìn kò ní kan ajá mọ́, òtútù ilẹ̀ kò ní mú un, ẹ̀yin náà yóò sì rí abẹ́ rẹ̀ gbá lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a wọn ajá nígbà tí ó ká jọ. Ẹ dúró títí yóò fi na ara rẹ̀ gbọọrọ, kí ẹ wá wọn ọ́n láti imú dé ìdí ìrù, kí ẹ sì fi ínǹṣì 6 kún un. Bí ajá yín bá gùn ní ínǹṣì 30, ibùsùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ínǹṣì 36, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí ó bá kéré jù, ìdajì ara rẹ̀ yóò wà lórí pákó, ìdajì yóò wà lórí yanrìn, a ó sì wá ṣe iṣẹ́ asán. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ajá ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé, ẹ wo ìyá rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó, nítorí pé kí ọdún kan tó yí ká, yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí a ó tẹ́ sórí rẹ̀. Ẹní dára. Àpò kòkó tí a fọ̀ mọ́ dára. Aṣọ àtijọ́ tí a ṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta dára, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ já bọ́tìnnì àti okùn ara rẹ̀ kúrò. Ọmọ ajá a máa jẹ ohun gbogbo tí eyín rẹ̀ bá kàn. Bí ó bá ti jẹ fóòmù tàbí ọ̀rá, tí ó sì gbé e mì, ìfun rẹ̀ lè dí, ikú sì lè ti ibẹ̀ wá. Ẹ ṣọ́ra fún àpò ajílẹ̀ àti àpò tí a ti fi kó oògùn kòkó rí, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má sì fi táyà mọ́tò ṣe ibùsùn fún un ní ìta gbangba. Omi òjò a máa dúró nínú táyà, ẹ̀fọn a sì máa pamọ síbẹ̀. Ẹ̀fọn tí ń kó ibà ràn wá ní ìbátan tí ń gbé aràn kan wọ ara ajá, tí aràn náà yóò sì lọ máa gbé inú ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni fífọ̀, èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń gbàgbé. Ẹ kó ohun tí ẹ tẹ́ sórí pákó náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sórí okùn nínú oòrùn gangan. Ẹ má sá a sórí koríko tàbí sí abẹ́ igi, nítorí pé ibẹ̀ ni eṣinṣin tí mo sọ nípa rẹ̀ ń dúró dè é. Bí eṣinṣin náà bá ti yọ ilé yín lẹ́nu rí, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ aṣọ náà ní ojú àti ní ẹ̀yìn. Iná rẹ̀ yóò pa ẹyin àti ìdin. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe sí aṣọ ọmọ jòjòló.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ yìí kan eégbọn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wa a máa jókòó ní ọ̀sán, a máa já eégbọn lára ajá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì rò pé a ti ṣe tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abo eégbọn tí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó yóò jábọ́ fúnra rẹ̀, yóò wọ inú ògiri tí ó sán tàbí àlàfo pákó, yóò sì yé ẹyin tí ó lè tó 4,000 síbẹ̀. Eégbọn lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìrí ẹ̀jẹ̀ mu. Nítorí náà, ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ibi tí ògiri bá ti sán nítòsí ibùsùn ajá, kí ẹ sì máa da omi híhó sí àlàfo pákó rẹ̀ nígbà tí ajá kò bá sí níbẹ̀. Eégbọn a máa kó àìsàn kan ran ajá, tí ìtọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n, tí èrìgì rẹ̀ yóò funfun bí ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má ṣe jáfara, ẹ lọ bá dókítà ẹran.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má da kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì mọ́tò sí ibùsùn ajá tàbí sára ajá nítorí eégbọn. Ẹ má sì fi oògùn tí a fi ń pa kòkòrò inú oko ṣe é. Ajá a máa fi ahọ́n lá ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun tí ẹ bá fi sí i lára, inú rẹ̀ ni ó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ajá ni ó kú ikú oògùn, tí olówó rẹ̀ sì ń sọ pé eégbọn ni ó pa á.

Bí abo ajá yín bá lóyún, ẹ tètè tọ́jú àpótí fún un kí ọjọ́ ìbímọ rẹ̀ tó pé. Kí ó fẹ̀ tó kí ó lè na ara rẹ̀ láìtẹ ọmọ pa, kí etí àpótí náà sì ga tó bí ínǹṣì 6 kí àwọn ọmọ má baà rá jáde. Ojú ọmọ ajá kì í là títí di bí ọjọ́ 10 sí 14, ní àkókò náà kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná fúnra rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, bí ọmọ ajá kan bá rá kúrò lára ìyá rẹ̀ lóru, òtútù lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ajá tí ó ti dàgbà náà ní tirẹ̀. Bí ó bá ń sùn sórí sìmẹ́ńtì, irun ìgúnpá rẹ̀ yóò re, awọ ibẹ̀ yóò sì le, lẹ́yìn náà yóò di egbò. Ẹ fi aṣọ kún ti tẹ́lẹ̀ fún un.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Bí mo bá ṣe gbogbo èyí tán, tí ajá kọ̀ láti sùn síbẹ̀ ńkọ́?" Ẹ má nà án. Ẹ gbé ibùsùn náà sí itòsí ibi tí òun tìkára rẹ̀ ti yàn tẹ́lẹ̀, bí ibẹ̀ bá gbẹ. Ẹ fi egungun tàbí oúnjẹ díẹ̀ tàn án débẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i tí ó ń yí po lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó wó lulẹ̀, ó ti gbà á nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí ajá bá ti wà lórí ibùsùn rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fò mọ́ ọn lójú oorun, ẹ má sì gbé ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ajá tí a ta jí lójijì lè gé olówó rẹ̀ jẹ kí ó tó mọ ẹni tí ó jẹ́. Ẹ dúró ní òkèèrè, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀. Bí ajá bá gé yín jẹ, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ má fi pamọ́ nítorí ẹ̀rù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí àwọn òbí yín sì gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí dìgbòlugi. Ẹ̀yin òbí, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ọdọọdún kò gbọdọ̀ yẹ̀ lórí ajá yín.

Bàbá mi fi pákó fèrèsé àtijọ́ kan ṣe ibùsùn fún Adúmáadán ní ọ̀sẹ̀ náà, ó sì gbé e sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo ń fọ àpò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí ó kù dàgbà níbẹ̀, kókó kankan kò sì yọ sí ẹnikẹ́ni lára mọ́ ní ilé wa.

Nítorí náà, bí ẹ bá pa rédíò yín ní alẹ́ òní, ẹ mú àtùpà tàbí tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ lọ wo ibi tí ajá yín sùn sí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibẹ̀ bóyá ó tutù. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ wá bi ara yín pé, "Ṣé mo lè gbé ọmọ mi kalẹ̀ síhìn-ín kí ó jókòó?" Bí ẹ kò bá lè gbé ọmọ yín síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ajá sùn síbẹ̀ mọ́. Nítorí pé bó pẹ́ bó yá, ọmọ náà yóò jókòó síbẹ̀.

Ó dàárọ̀ o.